Ewé Àtọwọ́dá: Ta Ló Ní Ká Ṣe Iṣẹ́ Ewé?

Kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 1:11-13; Ẹ́kísódù 7:19 sí 8:19; Ẹ́kísódù 25:31-40; Máàkù 4:26-29; Jákọ́bù 2:14-17

Mo rọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ ṣí Bíbélì yín sí àwọn ibi tí mo kọ sókè yìí, kí ẹ kà wọ́n tán kí ẹ tó máa bá mi bọ̀, nítorí n kò ní dà wọ́n kọ síbí.

Inú Máàkù orí kẹrin ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a dé ibi àgbẹ̀ tó fúnrúgbìn tó sì lọ sùn, tí kò mọ bí irúgbìn náà ṣe ń dàgbà, arákùnrin kan nínú ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì wa yíjú sí mi. Ó mọ̀ pé kẹ́mísírì ni mò ń kọ́, ó sì ti gbọ́ pé ewé àtọwọ́dá ni mo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àkànṣe ọdún ìkẹyìn mi. Ó ní, "Ṣé o rí i? Jésù fúnra rẹ̀ sọ pé àgbẹ̀ kò mọ̀. Kí ló wá dé tí ẹ̀yin onísáyẹ́ǹsì fi fẹ́ mọ̀, tí ẹ tún fẹ́ ṣe tiyín?" Arábìnrin kan fi kún un pé òun ò rí ìyàtọ̀ láàárín ìyẹn àti iṣẹ́ àwọn pidánpidán Fáráò. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ ká fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí mo gbọ́dọ̀ kọ orúkọ iṣẹ́ náà sí ṣì ṣófo lọ́wọ́ mi nígbà yẹn.

Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́: ewé àtọwọ́dá kì í ṣe òdòdó oníke tí a ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Ẹ̀rọ ni, tàbí ẹ̀rọ pẹ̀lú kòkòrò àìfojúrí, tó ń gba omi, afẹ́fẹ́ àti oòrùn, tó sì ń fi wọ́n ṣe ohun tí a lè dá iná sí.

Ohun tí ewé ń ṣe

Ewé gidi ń gba ohun mẹ́ta: omi láti inú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ carbon dioxide tí a ń mí jáde, àti ìmọ́lẹ̀. Agbára ìmọ́lẹ̀ ló fi ń la omi. Ọ́síjìn inú omi náà bọ́ sóde, òun ni a ń mí símú. Háídrójìn tó kù ni ewé mú so mọ́ carbon dioxide, tó fi di ṣúgà. Ṣúgà yìí ló ń di iṣu, tó ń di igi ìdáná, tó ń di epo pupa. Èédú abẹ́ ilẹ̀ àti epo rọ̀bì pàápàá, ara àwọn ohun alààyè àtijọ́ tí oòrùn bọ́ ni wọ́n. Nítorí náà, ẹni tó ń fi igi dáná àti ẹni tó ń ra bẹntiróòlù, oòrùn ni àwọn méjèèjì ń jó. Ti àná ni ẹnì kan ń jó, ti ayébáyé ni ẹnì kejì ń jó.

Ibi tó le jù nínú iṣẹ́ náà ni lílà omi. Omi kì í fẹ́ là. Ẹ gbé e kaná, yóò hó, yóò di ooru, omi náà ló ṣì jẹ́. Ewé ń là á láìgbé e kaná rárá, ní àárọ̀ ọyẹ́ ní Kuru níbí, nígbà tí eyín wa ń gbá ara wọn lẹ́nu. Ohun tó fi ń là á kò ju ìdìpọ̀ kékeré kan lọ: átọ̀mù manganese mẹ́rin àti calcium kan, tí ọ́síjìn so pọ̀. Ìdìpọ̀ yìí kan náà ló wà nínú koríko àti nínú ìrokò, òun náà ló wà nínú ohun aláwọ̀ ewé tó ń léfòó lórí omi adágún. Melvin Calvin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California ni wọ́n tọpasẹ̀ bí carbon dioxide ṣe ń di ṣúgà nínú ewé. Ẹ̀bùn Nobel 1961 ni ó gbà fún un. Nígbà tí ó dàgbà, Calvin yìí kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá epo tí a lè jó nínú àwọn igi olóje funfun, àwọn ìbátan irú èyí tí wọ́n fi ń ṣọgbà ní Plateau.

Ṣùgbọ́n ohun tó wú mi lórí jù kì í ṣe èyí. Oòrùn tí ewé ń lò náà ló ń bà á jẹ́. Purotéènì kan wà nínú ẹ̀rọ tó ń la omi yìí, D1 lórúkọ rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ líle máa ń fọ́. Ewé kì í ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ó ń yọ ọ́ kúrò, ó sì ń fi tuntun síbẹ̀, láàárín wákàtí kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú gan-an. Ní gbogbo ọjọ́ ayé ewé, bó ṣe ń bàjẹ́ ló ń di ọ̀tun. Ẹni tó bá ti ka 2 Kọ́ríńtì 4:16 rí á mọ ìdí tí mo fi ṣíwọ́ ìwé kíkà díẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ìṣòro tó ń bá àwọn ẹ̀rọ wa jà jù náà nìyẹn: a lè ṣe ohun tó ń la omi, ṣùgbọ́n kí ó máa tún ara rẹ̀ ṣe, ìyẹn ló ṣòro.

Oòrùn orí mítà kan

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ẹ má sá.

Kuru wà ní Jos South, lórí òkè Plateau tó ga tó 1,200 mítà sókè òkun. Oòrùn tó ń bọ́ sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó níbí jẹ́ nǹkan bíi kilowatt-hour 5.5 lójúmọ́, bí a bá pín in kárí ọdún. Tí a bá sọ ọ́ di megajoule, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20. Ẹ wá gbé sílíńdà gáàsì oníkílò 12.5 wá. Kílò gáàsì kan ní agbára tó tó megajoule 46, nítorí náà sílíńdà náà ní 575. Ká ní ìdílé kan ń fi oṣù kan lò ó, megajoule 19 ni wọ́n ń jó lójúmọ́.

Ìyẹn ni pé gbogbo gáàsì tí ìdílé náà fi se àsáró, tí wọ́n fi se ẹ̀wà, tí wọ́n fi gbé omi ìwẹ̀ kaná nínú òtútù Jos fún ọjọ́ kan, kò ju oòrùn tó bọ́ lọ́jọ́ kan sórí ilẹ̀ tí ẹni kan lè tẹ́ ẹní sí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, mo rò pé mo ti ṣi nǹkan kan pín ni. Mo tún un ṣe, ohun kan náà ló jáde.

Kí ló wá dé tí a kò lè lò ó? Nítorí pé ewé kò fi púpọ̀ pamọ́ fún wa. Nínú ọgọ́rùn-ún oòrùn tó bọ́ sórí ọ̀pọ̀ irè oko, bóyá la rí ẹyọ kan tó kù nínú ohun tí a kórè. Ewé kò jẹ̀bi. Kì í ṣe nítorí ìkòkò wa ni a ṣe dá a. Ó ní gbòǹgbò láti bọ́, irúgbìn láti so, kòkòrò láti bá jà. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń wá ohun ìdáná, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún túmọ̀ sí pé ìdílé yẹn nílò 100 mítà onígun mẹ́rin ilẹ̀ fún ìdáná nìkan, láìgbin ohun tí wọn yóò jẹ sí i. Bí ẹ̀rọ kan bá lè fi ìdá mẹ́wàá pamọ́, mítà onígun mẹ́rin mẹ́wàá ti tó, òrùlé yàrá kan péré nìyẹn.

Ẹ lè ní, "Sólà ńkọ́?" Òótọ́ ni, sólà orí òrùlé ń gba bí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì dára. Ṣùgbọ́n iná ni sólà ń fún wa. Bí ilẹ̀ bá ṣú, bátìrì ló kù, bátìrì sì wọ́n. Ohun tí a lè rọ sínú kẹ́ẹ̀gì, tí a lè tọ́jú di ìgbà òjò, tí a lè fi wa katakata, ni ọ̀rọ̀ ewé àtọwọ́dá dá lé.

Àwọn tó ti gbìyànjú

Èrò náà kì í ṣe tuntun. Ní 1912, Giacomo Ciamician, onímọ̀ kẹ́mísírì láti Bologna ní Ítálì, dúró níwájú àpéjọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York, ó sì bi wọ́n bóyá oòrùn àtijọ́ tó wà nínú èédú nìkan ni ọmọ aráyé mọ̀ ọ́n lò. Ó rí i lọ́kàn pé ilẹ̀ gbígbẹ lè di ibi iṣẹ́ tí kò léèéfín, tí ìmọ́lẹ̀ yóò máa ṣiṣẹ́ nínú páìpù gíláàsì. Ayé ń jó èédú lọ ní tirẹ̀, wọn ò dá a lóhùn.

Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn èyí, ní 1972, Akira Fujishima àti ọ̀gá rẹ̀ Kenichi Honda ní Japan gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Titanium dioxide ni wọ́n lò, ohun funfun tó wà nínú ọ̀dà ilé. Wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ sí i nínú omi, omi là. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni Fujishima nígbà tó kọ́kọ́ rí i, ní òpin àwọn ọdún 1960. Àléébù rẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ ultraviolet nìkan ló ń gbà, èyí kò sì ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ nínú gbogbo oòrùn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tún un ṣe. Ní 2021, ẹgbẹ́ Kazunari Domen ní Japan náà kan tẹ́ àwọn pátákó bẹ́ẹ̀ tó fẹ̀ tó 100 mítà onígun mẹ́rin sí gbangba, wọ́n sì gba háídrójìn níbẹ̀. Ìdá tí wọ́n rí nígbà tó dára jù lọ jẹ́ 0.76 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò tíì tó ìdá kan. Síbẹ̀ ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ oòrùn gidi, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù inú yàrá.

Ọ̀nà kejì ló fà mí mọ́ra jù, òun ni ti ẹ̀rọ àti kòkòrò tó jọ ń ṣiṣẹ́. Daniel Nocera àti Pamela Silver ní Harvard ló ṣe èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn. Háídrójìn ṣòro láti tọ́jú: afẹ́fẹ́ fífúyẹ́ ni, ó ń yọ́ jáde níbi tí kò yẹ. Wọ́n wá sọ pé, kí ni kì í jẹ́ ká fi bọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n jẹ? Kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú ilẹ̀, Ralstonia eutropha, tó ń jẹ háídrójìn, tó sì ń fi carbon dioxide kọ́ ara rẹ̀. Wọ́n tún inú rẹ̀ ṣe kí ó lè máa tú irú ọtí tí a lè jó jáde, wọ́n sì fi í sínú ìgò kan náà tí iná láti ara sólà ti ń la omi. Irin ń la omi, kòkòrò ń jẹ háídrójìn, ohun ìdáná ń jáde.

Kò kọ́kọ́ ṣẹnuure. Irin tí wọ́n lò níbẹ̀rẹ̀, tó ní nickel, molybdenum àti zinc nínú, ń tú májèlé sínú omi náà, ó ń pa kòkòrò. Ní 2016 ni wọ́n gbé òmíràn jáde tí wọ́n fi cobalt àti phosphorus ṣe, tí kòkòrò lè bá gbé. Èyí tó bá yọ́ kúrò lára rẹ̀ ń padà síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ rántí D1. Nígbà tí wọ́n fi carbon dioxide tí kò lábùlà bọ́ ọ, tí a sì ka sólà tó dára mọ́ ọn, ó fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún oòrùn pamọ́. Pẹ̀lú afẹ́fẹ́ lásán, ó wálẹ̀ sí ìdá mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ìyẹn ṣì ju ti ọ̀pọ̀ ewé lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n lo kòkòrò mìíràn tó ń mú nitrogen inú afẹ́fẹ́ di ajílẹ̀. Mo ro àwọn àgbẹ̀ pòtétò Plateau nígbà tí mo ka ìyẹn, àti iye tí wọ́n ń ra àpò ajílẹ̀ kan.

Ní Berkeley, Peidong Yang àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tún gba ibòmíràn. Wọ́n mú kòkòrò kan tí kò mọ̀ nípa oòrùn rárá, wọ́n fún un ní cadmium, òun fúnra rẹ̀ sì fi í hun ẹ̀wù dídán wọ̀. Ẹ̀wù náà ń gba ìmọ́lẹ̀, kòkòrò ń fi agbára rẹ̀ sọ carbon dioxide di ásíìdì tó wà nínú fínígà. Iṣẹ́ tó lẹ́wà ni, ṣùgbọ́n cadmium, májèlé ni. Màá padà sórí ìyẹn.

Ọ̀pá fìtílà àti ọ̀pọ̀lọ́ Íjíbítì

Ẹ jẹ́ ká wá dá arákùnrin wa lóhùn. Jésù kò sọ pé kí àgbẹ̀ má mọ̀. Ó ní kò mọ̀. Ìjọba Ọlọ́run ni òwe náà ń sọ, pé ìdàgbàsókè rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹni tó fúnrúgbìn. Bí a bá fi ẹsẹ yẹn ti ilẹ̀kùn yàrá ìwádìí, a ti fi ọ̀rọ̀ sí Olúwa lẹ́nu. Òwe 25:2 fi ògo Ọlọ́run sínú ohun tí ó pa mọ́, ó sì fi ọlá àwọn ọba sínú wíwá a kàn. Mo ti mọ díẹ̀ nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ewé báyìí, n kò sì tíì rí i kí ìmọ̀ yẹn dín ìyìn kù lẹ́nu mi.

Ní ti pé a ń farawé ohun tí Ọlọ́run dá, ẹ lọ wo ọ̀pá fìtílà inú àgọ́ ìpàdé. Ẹlẹ́dàá tó dá igi álímọ́ńdì ló pàṣẹ fún Mósè pé kí ọwọ́ ènìyàn fi ojúlówó wúrà ṣe ẹ̀ka rẹ̀, ìrudi rẹ̀ àti òdòdó rẹ̀. Igi àtọwọ́dá ni! Iṣẹ́ tí a sì gbé lé e lọ́wọ́ ni kí ó máa tan ìmọ́lẹ̀. Epo ólífì tó ń jó níbẹ̀, oòrùn tí ewé ólífì kó pamọ́ ni. Bẹ́sálẹ́lì tó ṣe é, Ẹ́kísódù 31 sọ pé Ẹ̀mí Ọlọ́run ló kún inú rẹ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ nínú wa ti ka ibẹ̀ kọjá kíákíá nítorí pé ìwọ̀n àti ìgbọ̀nwọ́ pọ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ arábìnrin wa kò ṣe é gbé jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bẹ́ẹ̀. Àwọn pidánpidán náà farawé. Kí wá ni ìyàtọ̀? Mo padà lọ ka orí keje àti ìkẹjọ, mo sì rí ohun tí n kò kíyè sí rí. Gbogbo Íjíbítì ń gbẹ́ ilẹ̀ wá omi mu, àwọn pidánpidán sì sọ omi mìíràn di ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ ti kún inú ààrò àti inú ọpọ́n ìpòyẹ̀fun, wọ́n sì tún pe ọ̀pọ̀lọ́ sí i. Ohun tí wọ́n ṣe fi agbára hàn, kò dín ìyà kan ṣoṣo kù. Ṣe ló fi kún un. Nígbà tí Fáráò fẹ́ kí ọ̀pọ̀lọ́ lọ, Mósè ni ó ránṣẹ́ pè. Mo ti wá gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ ká ti dán ewé àtọwọ́dá wò. Ọlọ́run kò bínú sí ẹni tó wo igi ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè tó kù ni bóyá ohun tí a ń ṣe yìí ń kó ọ̀pọ̀lọ́ kúrò nílé ẹnikẹ́ni, àbí ó ń pè wọ́n wá.

Ọkọ̀ tó ń mu omi

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí fídíò kan ń lọ káàkiri orí fóònù àwa ọmọ ìjọ: ẹnì kan rọ omi sínú ọkọ̀, ọkọ̀ ṣí, wọ́n ní ìmísí ni. Ẹ jọ̀ọ́, omi jẹ́ eérú. Bí háídrójìn bá jó nínú ọ́síjìn, ohun tó ń kù lẹ́yìn iná ni omi. Ẹ ò lè tún dá iná sí eérú. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó padà di háídrójìn, ẹ gbọ́dọ̀ dá agbára tí ó ti ná padà fún un, pẹ̀lú èlé. Ewé ń gba agbára yẹn lọ́dọ̀ oòrùn; ọkọ̀ inú fídíò ní òun gbà á lára bátìrì òun, bátìrì sì ní òun gbà á lára ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó ń yá owó lọ́wọ́ ara rẹ̀ láti fi san gbèsè ara rẹ̀ nìyẹn. Epo opó inú 2 Ọba orí kẹrin, iṣẹ́ ìyanu ni, a sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n Èlíṣà kò ta ìpín ìdókòwò nínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé fọ́ọ̀mù irú ìdókòwò bẹ́ẹ̀ wá bá yín lẹ́yìn ìsìn, ẹ bi í pé níbo ni agbára náà ti ń wá. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ gbé owó yín padà sínú àpò.

Adágún ẹ̀yìn ilé wa

Ẹni tó bá wá sí Kuru, tàbí tó gba Bukuru lọ sí Barkin Ladi, á rí àwọn adágún tí omi wọn dúdú bí ewé láwọn ìgbà kan. Àlejò máa ń yà wọ́n ní fọ́tò. Kì í ṣe Ọlọ́run ló gbẹ́ wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá ni àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ti ń wa tin níbí. Kuza ni àwọn Hausa ń pè é, ẹ sì gbọ́ bó ṣe jọ kùsà tí àwa náà ń wí. Wọ́n wà á tán níbì kan, wọ́n kọjá sí ibòmíràn, ihò kù, òjò sì kún un. Ilẹ̀ oko àwọn Berom ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Títí dòní, ọmọdé ń kú sínú àwọn omi wọ̀nyí, àwọn erùpẹ̀ tí wọ́n kó jọ sẹ́bàá wọn sì ní èyí tó ní ìtànṣán olóró nínú. Àgbẹ̀ ò kúkú jókòó sunkún. Omi yẹn kan náà ni wọ́n ń fà sí oko ẹ̀fọ́ àti pòtétò ní ẹ̀ẹ̀rùn.

Ohun kan tún wà tí kò yẹ ká gbàgbé. Ní 1929 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ iná NESCO sílẹ̀, tó ń fi ìṣàn omi Kurra Falls ṣe iná. Kurra ni o, kì í ṣe Kuru. Iná tó mọ́ ni, láìsí èéfín. Àwọn ibi ìwakùsà ni wọ́n sì dìídì ṣe é fún. Nítorí náà, iná mímọ́ ti wà lórí òkè yìí fún ohun tó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ihò náà sì ń jìn sí i nígbà tí iná yẹn ń jó. Agbára tó mọ́ kò fi dandan sọ pé iṣẹ́ tí a fi í ṣe mọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ní màá padà sórí cadmium. Ewé ń fi manganese, calcium, magnesium àti irin ṣe tirẹ̀, àwọn ohun tó pọ̀ nínú erùpẹ̀ lásán, bí ó bá sì kú, ó di ajílẹ̀. Àwa ń fi cadmium àti cobalt ṣe tiwa. Èyí tó pọ̀ jù nínú cobalt ayé, Kóńgò ni wọ́n ti ń wà á, àwọn ọmọdé sì wà lára àwọn tó ń fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ. Bí a bá gbẹ́ Kuru mìíràn sí Kóńgò kí ẹnì kan ní ìlú òkèèrè lè ní ohun ìdáná tí kò léèéfín, ọ̀pọ̀lọ́ la pè wá.

N kò sọ pé kí a fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo kọ fọ́ọ̀mù mi, mo sì fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo yí àkọlé rẹ̀ padà. Irin lásán àti nickel ni mo fẹ́ fi ṣe ohun tí yóò la omi, nínú omi tí a po mọ́ potash. Àwọn mìíràn ti fi hàn pé àpòpọ̀ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá a lè fi irin àlòkù ṣe é kí ó sì pẹ́. Olùkọ́ mi wò ó, ó ní ó kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó kéré lóòótọ́.

Títí ìgbà náà

Kò sí ìyá kankan ní Kuru tó ń fi ewé àtọwọ́dá se túwó lónìí. Igi ni wọ́n ń dá, nínú rẹ̀ ni eucalyptus tí wọ́n gbìn sórí ilẹ̀ tí ìwakùsà bàjẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2020, èéfín ìdáná inú ilé lọ́wọ́ nínú ikú àwọn ènìyàn mílíọ̀nù 3.2 lágbàáyé. Obìnrin àti ọmọ kéékèèké ló ń fa púpọ̀ nínú èéfín náà símú. Jákọ́bù sọ̀rọ̀ ẹni tó ń kí aláìní pé kí ara rẹ̀ móoru, tí kò sì fún un ní ohun tí yóò fi móoru. Ní ìlú tó tutù bí Jos, ẹsẹ yẹn kì í ṣe àkàwé. Bí mo bá ń sọ fún ìyá tó ń fẹ́ná ààrò olókùúta mẹ́ta pé kí ó fara balẹ̀, ìwádìí ń lọ ní Harvard, kí ni mo yàtọ̀ sí onítọ̀hún?

Ìgbẹ́ màlúù pọ̀ láti Kuru dé Vom. Bí a bá dì í mọ́ inú táǹkì tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, kòkòrò àìfojúrí yóò sọ ọ́ di gáàsì tó ń jó láìsí èéfín, èyí tó bá kù á tún di ajílẹ̀. Kò sí cobalt níbẹ̀. Àwọn ibùdó ìwádìí agbára ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sókótó àti ní Nsukka ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tipẹ́. Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ ń bi wá ohun tí ẹgbẹ́ lè fi ọrẹ ìdúpẹ́ yín ṣe, yàtọ̀ sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn tuntun, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀.

Fún ìjíròrò nínú ẹgbẹ́ yín: Ẹ fi Ẹ́kísódù 25 wé Ẹ́kísódù 8. Ohun wo nínú ẹ̀kọ́ tí ẹ ń kọ́ ní yunifásítì ni ẹ lè pè ní ọ̀pá fìtílà, èwo sì ni ẹ kò dá lójú? Jẹ́nẹ́sísì sọ pé ewéko hù ní ọjọ́ kẹta, kí oòrùn tó fara hàn ní ọjọ́ kẹrin. Kí ni èyí ń sọ fún àwọn tó yí oòrùn ká láyé ìgbàanì tí wọ́n ń bọ ọ́? Àti èyí, tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ jíọ́lọ́jì àti ti òfin kọ́kọ́ dáhùn: bí ilé iṣẹ́ kan bá dé sí abúlé yín lọ́la pé àwọn fẹ́ wa irin tí a ó fi ṣe agbára tó mọ́, ta ló yẹ kí wọ́n bá sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ti ṣọ́bìrì bọ ilẹ̀?